IṢẸ́ ỌWỌ́ ALÁDÙÚRÀ

Wọ́n ní àwa Aládùúrà, àdúrà nìkan la mọ̀. Irọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́! Pọ́ọ̀lù Àpósítélì pàápàá ṣiṣẹ́ àgọ́ pípa lọ́dọ̀ Àkúílà ní Kọ́ríńtì (Ìṣe 18:3). Ẹ wo àwọn ìyá wa aláró ní Ìtòkú: wọn a rẹ aṣọ sínú aró, wọn a sá a, wọn a tún un rẹ, títí yóò fi dúdú dáadáa. Ààwẹ̀ kì í rẹ aṣọ láró. Ọmọ ìjọ tó jẹ gbèsè, tó sì sùn sílé àdúrà láti Mọ́ńdè dé Fúráìdeé, a ó bá a gbàdúrà. Ṣùgbọ́n a ó bi í pé: ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yín?