Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Òwe Kan fún Ẹni Tó Ní Kọ̀ǹpútà Nílé

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Níbi ìpàdé ẹbí ni òwe yìí ti sábà máa ń jáde lẹ́nu àgbà, pàápàá nígbà tí àjèjì bá ti wọ àárín tọkọtaya tàbí ọmọ ìyá méjì, tó sì ti tú wọn ká. Olórí ẹbí kò ní kọ́kọ́ béèrè ohun tí àjèjì náà ṣe. Ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe tí àjèjì fi ríbi gbà wọlé ni yóò bi wọ́n. Mo fẹ́ kí a gbé òwe yìí lọ sídìí kọ̀ǹpútà ilé lónìí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lo Windows 10 tí wọn kò tíì mọ èyí tí wọn yóò ṣe: ṣé kí wọ́n bọ́ sórí Windows 11 ni, àbí kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà?

Ògiri amọ̀ kì í ṣàdédé lanu. Oòrùn á pa á, òjò á rọ̀ lù ú, ọyẹ́ á fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ìlà tín-ín-rín á kọ́kọ́ yọ lábẹ́ fèrèsé. Àwọn ọmọdé á máa fi ìka họ ọ́, ìlà á di ihò. Ní gbogbo àsìkò yìí, aláǹgbá wà lára ògiri níta, ó ń yáàrùn, ó ń mi orí. Kò gbẹ́ ihò kankan. Ọjọ́ tí ihò bá gbà á ni yóò wọlé.

Ẹni tó pa òwe yìí mọ ibi tí agbára ẹ̀dá mọ. Aláǹgbá kò ní tán láyé. Bí a pa ọ̀kan, òmíràn á yọ. Ẹni tó bá ń fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ bínú sí aláǹgbá ti pa iṣẹ́ tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ tì. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òwe náà dá aláǹgbá láre. Olè ṣì ni olè. Ohun tí àgbà ń wí ni pé onílé ní ojúṣe tirẹ̀, ojúṣe náà sì ti bẹ̀rẹ̀ kí aláǹgbá tó dé.

Ní ti kọ̀ǹpútà, Windows ni ògiri náà. Ènìyàn ló kọ ọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kì í sì í ṣe aláìlábùkù. Oṣù kan kì í lọ kí wọ́n má rí àbùkù tuntun nínú rẹ̀ tí ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí Microsoft fi máa ń kó àtúnṣe jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù. Windows 10 jáde ní 29 oṣù Keje, ọdún 2015. Ní 14 oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó ń bá a bọ̀ dópin. Kọ̀ǹpútà kankan kò tìtorí rẹ̀ kú lọ́jọ́ náà, ohun tó sì ń tan ọ̀pọ̀ jẹ nìyẹn. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n tan ẹ̀rọ, ó tàn. Word ṣí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀wé. Àmọ́ ihò tí wọ́n bá rí láti ọjọ́ náà kò ní ẹni tí yóò bá wọn dí i mọ́, àfi bí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀ fún àtúnṣe ọdún kan sí i tí mo máa mẹ́nu bà níwájú. Ó tún wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú Windows 11 ló wà nínú Windows 10. Bí Microsoft bá dí ihò kan nínú èyí tuntun, ọlọ́ṣà tó bá wo àtúnṣe náà fínnífínní yóò mọ ibi tí òun yóò lọ wò nínú èyí àtijọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2017 yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò dáadáa. Ní 14 oṣù Kẹta ọdún náà, Microsoft ṣe àtúnṣe sí àbùkù kan nínú ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà Windows ń gbà pín fáìlì láàárín ara wọn. Ní 12 oṣù Karùn-ún, sọ́fúwià burúkú kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ibẹ̀ wọlé. Ó ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó ní kí wọ́n san 300 dọ́là ní Bitcoin kí òun tó ṣí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba fagi lé iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ní kí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn bọ̀ yà sí ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sáré di ẹ̀bi náà ru Windows XP, tí àtúnṣe rẹ̀ ti dópin láti 8 oṣù Kẹrin, ọdún 2014. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wádìí rẹ̀, Windows 7 ló pọ̀ jù lọ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó kó o. Bẹ́ẹ̀ Windows 7 ṣì ń gba àtúnṣe nígbà yẹn! Amọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà fún nǹkan bí oṣù méjì, àwọn onílé kò sì fi rẹ́ ògiri.

Kì í ṣe ọjọ́ orí Windows ló fa ìṣòro wọn, àtúnṣe tí wọn kò gbà ni. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun kì í sáré gba Windows tuntun, n kò ní pè é ní ọ̀lẹ. Ó nídìí. Ní ọdún 2012, Windows 8 mú bọ́tìnnì Start kúrò níbi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, àwọn kan sì ń wá ọ̀nà tí wọn yóò gbà pa kọ̀ǹpútà wọn. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2018, àtúnṣe ńlá kan fún Windows 10 pa fáìlì àwọn kan rẹ́, débi pé Microsoft fúnra rẹ̀ dá pínpín rẹ̀ dúró. Ẹni tó ṣe sùúrù títí irú àléébù bẹ́ẹ̀ fi hàn síta, nígbà tí èyí tó ń lò ṣì ń gba àtúnṣe, ó hùwà ọlọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n sùúrù yẹn ní ohun tó gbé e dúró: ẹnì kan ṣì ń bá a dí ihò. Lọ́jọ́ tí onítọ̀hún bá ṣíwọ́, ìdúró kan náà, nídìí kọ̀ǹpútà kan náà, ti kúrò ní sùúrù, ó ti di àìbìkítà. Ibí yìí gan-an ni òwe wa ti wúlò jù, nítorí kò béèrè bóyá ògiri jẹ́ tuntun tàbí ògbólógbòó. Ilé bàbá ńlá ẹni lè wà fún ìran mẹ́ta kí aláǹgbá má wọ̀ ọ́, bí wọ́n bá ń rẹ́ ẹ.

Àwọn kan yóò ní: ẹni tó mọ ògiri ńkọ́? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Microsoft ní Windows 11 wà fún kọ̀ǹpútà tó bá ní TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí ẹ̀rọ. Ní ti Intel, processor ìran kẹjọ tó jáde ní ọdún 2017 sókè ni wọ́n gbà, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. HP EliteBook 840 G3 àti Lenovo ThinkPad T460, irú tòkunbọ̀ tí ẹ ó rí ní Computer Village, Ìkẹjà, kò dé ibẹ̀. Ìran kẹfà ló wà nínú wọn. Ẹlòmíràn fi owó àjọ ra tirẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Kí a wá ní kó lọ ra òmíràn, ìrẹ́jẹ ni lójú tèmi. Ẹni tó mọ ògiri ní ẹ̀bi tirẹ̀. Àmọ́ onílé ni òwe ń bá sọ̀rọ̀, torí òun ló ń sùn síbẹ̀. A lè máa pín ẹ̀bi títí di ọ̀la. Aláǹgbá kò ní dúró dè wá.

Onílé náà kò sì dá sùn. Bàbá ń fi kọ̀ǹpútà yẹn wọ báńkì, ìyá ń kọ ìṣirò ọjà rẹ̀ sí i, ọmọ ń fi kẹ́kọ̀ọ́ fún ìdánwò JAMB, ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo wọn sì wà nínú Chrome. Ẹni tó bá ní kò sóhun tí òun ní tí ọlọ́ṣà lè jí, kó rántí pé ohun ìní àwọn yòókù wà níbẹ̀.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ winver, ẹ tẹ Enter. Àpótí kékeré kan yóò yọ lójú kọ̀ǹpútà, yóò sọ irú Windows tí ẹ ń lò. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Update & Security, ẹ tẹ Windows Update, ibẹ̀ ni yóò ti sọ bóyá ẹ̀rọ yín lè gba Windows 11. Bó bá lè gbà á, ẹ gbà á. Ẹ kọ́kọ́ da fáìlì yín kọ sórí hard disk tó dá dúró, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e pamọ́. Ẹ dúró de àsìkò tí iná dúró dáadáa tàbí tí bátìrì inverter kún, kí ẹ sì ra dátà tó pọ̀ tó, torí ohun tí yóò wọlé tóbi.

Bí kò bá lè gbà á, Microsoft kéde àtúnṣe ààbò ọdún kan sí i fún Windows 10, títí di 13 oṣù Kẹwàá, ọdún 2026. 30 dọ́là ni, tàbí ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé, tó sì jẹ́ kí Windows máa tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà kejì ni Linux Mint tàbí Ubuntu. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n, ẹ sì lè ti orí fúláàṣì dán wọn wò láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá sọ́fúwià tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é. Bí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe bá ní òun lè fi tipátipá gbé Windows 11 sí i, ẹ mọ̀ pé Microsoft ti sọ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí àtúnṣe. Windows ayédèrú tí wọ́n ti pa Windows Update rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má gbà á, bó ti wù kó pọ́ tó.

Ẹ ṣe winver yẹn lálẹ́ òní. Bó bá jẹ́ Windows 10 ló yọ, tí ẹ kò sì forúkọ sílẹ̀ fún àtúnṣe ọdún kan náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kọ̀ǹpútà yẹn wọ báńkì mọ́ títí ẹ ó fi mọ èyí tí ẹ ó ṣe.