Ẹ̀ṣẹ̀ kan tí À Ń Pè Ní Fanákúlà

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo lọ ní Agége, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ fún wa ni pé kí á bọ́ ẹ̀ṣọ́ ilé sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nínú ọgbà ti dẹ́ṣẹ̀, orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà sì ni fanákúlà. Ẹlẹ́ṣẹ̀ yóò san owó ìtanràn. Èyí tí kò bá rí owó san yóò gé koríko nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣeré. Èmi ni mọ́nítọ̀ kíláàsì wa. Ọwọ́ mi ni ìwé tí a ń kọ orúkọ àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ sí wà.

Ní ọjọ́ kan, ìyá ọ̀rẹ́ mi kan, tí ń kiri búrẹ́dì, yà sí ilé-ìwé wa ní àkókò ìsinmi láti gbé owó oúnjẹ tí ọmọ rẹ̀ gbàgbé wá fún un. Ó sọ àtẹ kalẹ̀, ó ní, "Àjàní, ọkọ mi." Ọ̀rẹ́ mi wo ìyá rẹ̀, ó wo èmi tí mo mú kálàmù dání, ó dúró ṣánṣán láìdọ̀bálẹ̀, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Ìyá náà kò gbọ́ ohun tí ó sọ. Ẹ̀rín ni ó rín. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ọmọ mi ti ń fọ òyìnbó!" Inú rẹ̀ dùn gidigidi. N kò kọ orúkọ ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀, nítorí pé kò ṣẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé mi lọ́kàn. Ìbéèrè rẹ̀ kò le, ìdáhùn rẹ̀ ni ó le: bí a bá ṣe ohun kan sí ènìyàn, tí inú ẹni náà sì dùn sí i, ǹjẹ́ a lè sọ pé a ṣẹ̀ ẹ́?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òmùgọ̀ ni ìyá yẹn. Ó mọ ìlú tí ó ń gbé. Láti òpópó Ọba Akran ní Ìkẹjà títí dé Ọgbà àti Agége, ilé-iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ níbẹ̀, ẹnu géètì wọn ni ó sì ti ń ta búrẹ́dì láràárọ̀. Ó rí i pé ẹni tí ó lè kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni ń wọ ọ́fíìsì, ẹni tí kò lè kọ ọ́ ni ń ru ẹrù. Ayálégbé kan wà nínú ilé wa tí ẹ̀rọ gé ní ìka méjì níbi iṣẹ́. Ìkìlọ̀ wà lára ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi kọ ọ́. Gbogbo òbí inú ilé ni ó fi ìka ọkùnrin yẹn kọ́ wa lọ́gbọ́n: "Ẹ ò rí i? Ẹ kàwé yín!" Títí di òní, kò rọrùn fún ọmọ tí kò yege nínú Gẹ̀ẹ́sì láti wọ yunifásítì ní Nàìjíríà, kò sì sí ẹni tí ó lè ṣe ìdánwò JAMB kí ó fo Gẹ̀ẹ́sì. Abiyamọ wo ni yóò mọ èyí tí kò ní fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ èdè náà?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á tún ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn yẹ̀ wò. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ bá ń wá oníbàárà, Yorùbá dídùn ni wọ́n fi ń polówó ọjà lórí rédíò. Ní Agídìngbí, ní Ìkẹjà kan náà, Radio Lagos ń sọ Yorùbá, Eko FM ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ìpínlẹ̀ kan náà ni ó sì ni àwọn méjèèjì. Bí èdè wa bá lè gbé ìròyìn, tí ó sì lè gbé ìpolówó, kí ni kò jẹ́ kí ó gbé ìkìlọ̀ sára ẹ̀rọ? Ṣé èdè tí a fi ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn kò ṣe é fi dáàbò bo ìka rẹ̀ ni? Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni. Wọ́n kọ́ wa pé àìkàwé ọkùnrin yẹn ni ó fa ìyà rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi ẹni tí ó kọ ìkìlọ̀ náà léèrè ọ̀rọ̀.

Àwọn kan yóò ní bí a kò bá fi ìyà kọ́ ọmọ, kò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìrírí takò wọ́n. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lábẹ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáradára. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú iṣẹ́ mìíràn.

Ìjọba pàápàá kò dúró sójú kan. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2018 sọ Yorùbá di dandan ní ilé-ìwé. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí á máa fi kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mínísítà tí ó kéde rẹ̀ sì sọ pé ó di ìgbà tí ìwé àti olùkọ́ bá wà kí ó tó lè múlẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tí kò gbin iṣu, ṣé ó yẹ kí ó bú ilẹ̀ pé kò ta iṣu?

N kò sọ pé kí á pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo kà ní ilé-ìwé yẹn là mí lójú, n kò sì ní sẹ́ oore. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Akínwùmí Ìṣọ̀lá náà túmọ̀ eré Ṣóyínká sí Yorùbá, ó pè é ní Ikú Olókùn-Ẹṣin. Ẹni tí ojú ń tì nítorí ọ̀kan nínú èdè méjèèjì kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí á kọ́ ọmọ ní ohun titun, ọ̀tọ̀ ni. Kí á jẹ ẹ́ níyà nítorí ohun tí ó gbé ti ilé wá, ọ̀tọ̀ ni. Èkínní ń fi kún un, èkejì ń bù lára rẹ̀.

Mo padà sí ìbéèrè mi. Mo gbà báyìí pé a ṣẹ ìyá yẹn, bí inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn. A ti jẹ́ kí ó gbà pé iye tí a ń ta ìmọ̀ ni kí ọmọ òun má dá òun lóhùn mọ́ ní èdè tí òun gbọ́. Iye náà pọ̀ jù, kò sì sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Kò sí olùkọ́ nítòsí lọ́jọ́ náà. Èmi ni ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rù. Èyí ni ó dùn mí jù. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ṣì ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ lé ọmọdé lọ́wọ́, ẹ gbà á padà. Ẹ kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì kọ́ wọn dáradára. Ṣùgbọ́n bí ìyá ọmọ bá dé, ẹ jẹ́ kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó sì kí i ní èdè tí ó gbọ́.