Obìnrin Tí Bíṣọ́ọ̀bù Pè Ní Olóríkunkun



Àwọn obìnrin kan wà nínú ìtàn ayé tí orúkọ wọn di ohun ìríra lẹ́nu àwọn aláṣẹ ìgbà wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Jeanne d'Arc, ọmọ àgbẹ̀ ará Domrémy ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tí a dáná sun ní ìlú Rouen ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, ọdún 1431, nígbà tí ó jẹ́ nǹkan bí ọmọ ọdún 19. Wọ́n ní aládàámọ̀ ni, wọ́n ní olóríkunkun ni. Bíṣọ́ọ̀bù ni ó sì dá a lẹ́bi, kì í ṣe kèfèrí. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa: ǹjẹ́ ènìyàn lè kọ ọ̀rọ̀ sí olórí nínú Ìjọ lẹ́nu, kí ó sì jẹ́ ọmọ Ìjọ síbẹ̀?

Ti ogun rẹ̀ kò ní pẹ́ wa. Ó ní òun gbọ́ ohùn Mikaeli Mímọ́, Katarina Mímọ́ àti Margareta Mímọ́. Ó wọ aṣọ ọkùnrin, ó bá ogun lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1429 àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó dó ti Orléans ká kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Keje a dé Charles Keje ládé ní Reims. Ní ọdún kejì, ọwọ́ àwọn ará Burgundy tẹ̀ ẹ́ ní Compiègne, wọ́n sì tà á fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọba tí ó jà fún kò rà á padà.

Pierre Cauchon, Bíṣọ́ọ̀bù Beauvais, tí ó ń ṣe ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni olórí adájọ́. Ẹjọ́ Ìjọ ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n inú túbú ológun ni a dè é mọ́, tí ọkùnrin ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ó fi dáhùn láìní alágbàwí. Àwọn àgbà wa ní, a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Wọ́n bi í bóyá ó wà nínú oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run. Ẹ wo tàkúté! Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, agbéraga ni. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó fèsì pé bí òun kò bá sí níbẹ̀, kí Ọlọ́run fi òun síbẹ̀. Bí òun bá wà níbẹ̀, kí Ó pa òun mọ́ síbẹ̀. Ọmọbìnrin tí kò mọ̀wé ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra, nítorí ó rọrùn fún aláìgbọ́ràn gbogbo láti fi orúkọ Jeanne ṣe àwíjàre (a kì í wá irú wọn tì nínú ìpàdé ẹgbẹ́). Jeanne kò kọ Ìjọ sílẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ Mísà. Ó ní kí wọ́n gbé ọ̀ràn òun lọ síwájú Póòpù. Wọn kò gbà. Ohun tí ó kọ̀ ni láti fi ẹnu ara rẹ̀ pe ohun tí ó dá a lójú pé ti Ọlọ́run ni ní irọ́. Ẹ̀kọ́ Ìjọ ni pé ènìyàn kò gbọdọ̀ ṣe lòdì sí ohun tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ sọ fún un dájú, ó sì gbọdọ̀ fi òtítọ́ kọ́ ọkàn náà. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kì í ta ko ìfẹ́ inú rẹ̀ láéláé, kí ó tún un yẹ̀ wò. Ti Jeanne kò mú èrè kan wá fún un bí kò ṣe iná.

Ẹ̀rù sì bà á. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ó fọwọ́ sí ìwé pé òun kọ àwọn ohùn náà sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó jẹ́wọ́ pé ìbẹ̀rù iná ni ó mú òun ṣe é, ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, bí ó tilẹ̀ mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. Èmi kò rí oríkunkun níbẹ̀. Nígbà tí iná ń jó, ó ní kí a gbé àgbélébùú sókè níwájú òun, ó sì ń pe orúkọ Jésù títí ó fi dákẹ́.

Ìyá rẹ̀, Isabelle, kò gbà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1455 ó wọ ilé Ọlọ́run Notre-Dame ní Paris, ó bẹ àwọn aṣojú Póòpù kí wọ́n tún ẹjọ́ ọmọ òun gbọ́. Àwọn aládùúgbò tí ó mọ̀ ọ́n láti kékeré jẹ́rìí sí i. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, ọdún 1456, a fagi lé ìdájọ́ Rouen. Cauchon ti kú láti ọdún 1442. Isabelle ṣì wà láàyè ní tirẹ̀. Ọdún 1458 ni ó tó kú. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún, ọdún 1920, Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún ka ọmọ rẹ̀ mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́.