Àdúrà Pẹ̀lú Ọ̀pọ̀tọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Àìsàn Imú

Kíkà: 2 Àwọn Ọba 20:1–7

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ó ti mú ìtìjú bá ọ̀pọ̀ obìnrin láàrin wa. Ọ̀rọ̀ imú ni.

Nígbà tí Hesekáyà ọba ṣàìsàn dé ojú ikú, ó kọjú sí ògiri, ó gbàdúrà, ó sì sọkún. Wòlíì Aísáyà kò tíì rìn jìnnà tí Ọlọ́run fi rán an padà pé òun ti gbọ́, òun yóò sì fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé ọba. Ẹ jẹ́ kí á ṣàkíyèsí ohun tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn tí ìdáhùn ti dé, wòlíì yìí kan náà ní kí wọ́n mú ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé orí oówo náà. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ara ọba sì yá. Àdúrà ṣáájú, oògùn tẹ̀lé e, Ọlọ́run kan náà ló wà lẹ́yìn méjèèjì.

A ní ẹ̀sùn kan láti fi kan ara wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Arábìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa ní Ìmìní níbí, ó sì ti fún wa láyè láti sọ ọ́. Òun ni ohùn rẹ̀ máa ń gbé orin wa tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú ihò imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọyún, òórùn rẹ̀ kò sì dára. Ó kúrò láàrin àwọn akọrin, ó lọ ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá jókòó tì í a rọra sún kúrò. Àwa tí a jẹ́ aṣáájú rí i. Ohun tí a sọ fún un ni pé kí ó lọ yẹ ìgbàgbọ́ rẹ̀ wò. A ní kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó gbà á. Nígbà tí àìsàn náà kò lọ, a ní kí ó gba ọjọ́ méje, ó tún gbà á. Ọdún méjì kọjá bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó bi í pé, “Màmá, ṣé ẹ ti dé ọsibítù?”

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wá kí i nígbà ọdún Àjíǹde ló mú un lọ. Dókítà tó ń tọ́jú imú, etí àti ọ̀fun yẹ imú náà wò, lẹ́yìn náà ó ní kí ó la ẹnu. Eyín òkè kan ti jẹrà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an. Eyín náà ti dùn ún rí, ó fi omi iyọ̀ yọ ẹnu títí ìrora fi rọlẹ̀, ó sì gbàgbé rẹ̀. Láti gbòǹgbò eyín yìí ni àrùn ti gun òkè lọ sínú eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n ya fọ́tò eegun ojú rẹ̀, wọ́n yọ eyín náà, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fọ imú. Kò pé oṣù mẹ́ta tí gbogbo rẹ̀ fi gbẹ.

Nígbà tí a lọ bẹ̀ ẹ́, kò bínú. Ó kàn sọ pé, “Ẹ̀yin ni tíṣà wa. Mo rò pé ẹ mọ̀ ọ́n ni.” Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára.

Ẹ jẹ́ kí á wá kọ́ ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà. Ọlọ́run dá àwọn ihò tí afẹ́fẹ́ wà nínú wọn sí eegun ojú wa: ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, níwájú orí, láàrin ojú méjèèjì, àti lẹ́yìn imú nínú lọ́hùn-ún. Àwọn dókítà ń pè wọ́n ní sáínọ́ọ̀sì. Omi díẹ̀díẹ̀ ń ṣàn láti inú wọn wá sínú imú, ó ń gbá ìdọ̀tí jáde. Bí ojú ọ̀nà náà bá wú, tó sì dí, omi yóò dá dúró, ó sì lè di ọyún. Ọ̀fìnkìn lè fà á, eruku ọyẹ́ àti èéfín ibi tí a ti ń yan gàrí lè dá kún un, ẹran lè hù nínú imú, ó sì lè jẹ́ eyín.

Ọ̀fìnkìn lásán kì í sábà ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Bí imú bá ń dí, tí ikun ń ṣàn, tí ojú ń wúwo, tí a kò sì gbọ́ òórùn ọbẹ̀ tó ń jóná mọ́, tí ó tó ọ̀sẹ̀ 12, ó ti di àìsàn onígbà pípẹ́. Ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má tilẹ̀ dúró rárá bí ihò imú kan ṣoṣo bá ń ṣe ọyún tàbí ẹ̀jẹ̀, bí ìpéǹpéjú bá wú, bí ẹ bá ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tàbí bí orí bá ń fọ́ gidigidi pẹ̀lú ibà.

Ẹ má fín aáṣà, ẹ má sì kán omi ewé sínú imú. Oògùn tí a ń kán sí imú tó ń là á kíákíá kò yẹ kó ju ọjọ́ márùn-ún sí méje lọ, nítorí bó bá pẹ́, òun fúnra rẹ̀ yóò tún máa dí imú. Ẹ má ra kápúsù lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Bí ẹ óò bá fi omi iyọ̀ fọ imú, kí ó jẹ́ omi tí ẹ sè, tó sì ti tutù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìlera tó sún mọ́ yín. Bí ó bá ju agbára wọn lọ, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ọsibítù ńlá. UCH ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1957, ní ẹ̀ka imú, etí àti ọ̀fun.

Àwọn kan yóò mẹ́nu ba Ásà ọba nínú 2 Kíróníkà 16, ẹni tí àrùn mú lẹ́sẹ̀ tó sì wá oníṣègùn. Ẹ kà á dáadáa. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé kò wá Olúwa. Àwa ń wá Olúwa, a sì ń lọ sọ́dọ̀ dókítà. John Wesley fúnra rẹ̀ ṣí ilé tí wọ́n ti ń fún tálákà lóògùn ní London ní 1746, ó sì tẹ ìwé ìtọ́jú ara tó pè ní Primitive Physick jáde ní 1747. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ló dá ọsibítù Wesley Guild sílẹ̀ ní Iléṣà. Ìjọ tó kọ́ ọsibítù kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ rẹ̀ láti máa sá fún ọsibítù.

Àwọn àgbà sọ pé bí ojú bá ń sunkún, imú a bá a sun. Bí imú arábìnrin wa bá ń ṣàìsàn, ẹ má jẹ́ kí ojú wa máa wò ó níran. Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ bi í bóyá ó ti rí dókítà. Bí owó ọkọ̀ kò bá sí, kí ẹgbẹ́ yọ ọ́ nínú owó àpótí, kí ẹnì kan sì bá a lọ. Ìgbà náà ni kí á tó kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Àdúrà: Olúwa, dárí jì wá níbi tí a ti di ẹrù lé ẹni tó ń ṣàìsàn lórí. Bù kún ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú wa. Fún wa ní ìgbàgbọ́ tó ń gbàdúrà, tó sì ń gba ọ̀pọ̀tọ́ nígbà tí o bá fi rán sí wa. Nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.