Ta Ló Ju Ta Lọ?

Àwa Yorùbá fẹ́ràn àfiwé púpọ̀. Bí ọmọ bá gba ipò kejì ní ilé-ìwé, ìbéèrè tó ń dúró dè é nílé kò ju ọ̀kan lọ: "Ẹni tó gba ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní ni?" Èmi náà ti bi ọmọ mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òmìrán méjì kan tí aráyé fi wé ara wọn títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: Patrick Ewing, ọmọ Jàmáíkà, tó gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún Yunifásítì Georgetown, àti Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Èkó tiwa, tó gbá a fún Houston. Ẹsẹ̀ bàtà 7 ni wọ́n pe àwọn méjèèjì.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, wọ́n pàdé ní àṣekágbá ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ní Seattle. Georgetown borí, 84 sí 75. Àwọn èrò ẹ̀yìn Ewing ní ọ̀rọ̀ parí. Àbí ó parí lóòótọ́? Ọlájuwọ́n jẹ ayò 15, Ewing jẹ 10. Reggie Williams ló jẹ jù nínú ẹgbẹ́ Georgetown, ó jẹ 19. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ní 1983 tó ṣáájú, ayò 2 péré ni wọ́n fi na Houston ní àṣekágbá, síbẹ̀ Ọlájuwọ́n ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹni tó ta yọ jù lọ.

Ó wá di 1994, àwọn méjèèjì ti di àgbà nínú iṣẹ́. New York ti Ewing ti borí lẹ́ẹ̀mẹta, Houston lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìfigagbága kẹfà ṣe ń parí lọ, John Starks ju bọ́ọ̀lù. Bó bá wọlé, ife di ti New York. Ìka Ọlájuwọ́n ló bà á. Houston borí, 86 sí 84, wọ́n sì gba ife ní ìgbà keje. Ká ní ìka yẹn kúrú díẹ̀ ni, Ewing là bá máa pè ní ọ̀gá lónìí. Ṣé orí ìka ló wá yẹ kí iyì ènìyàn dúró lé?

Ẹnìkan lè ní, láìsí àfiwé, báwo la óò ṣe mọ ohun tó dára? Òótọ́ ni. Ẹni tó ń ra iṣu gbọ́dọ̀ gbé méjì wò. Ṣùgbọ́n iṣu kò létí. Kì í gbọ́ nígbà tí a bá ní èkejì rẹ̀ sàn jù ú. Ọmọ a máa gbọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ká fi wéra, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo bi ọmọ mi ní ìbéèrè orí méjì yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo nàka sí. Láti ìgbà náà ló ti ń fi ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ̀ ló rí i níbi tó ti ń gbálẹ̀. Mo ṣí i: ipò kẹrin. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán yíyà, òun ló ṣe kìíní, n kò sì mọ̀ rí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kó kó àwọn àwòrán rẹ̀ wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Dádì, ṣé bùọ̀dá náà máa kó tiwọn wá ni?"

Mo ní rárá o, tìrẹ nìkan ni mo fẹ́ wò.