Ẹni tí ó Ránni Níṣẹ́ Ńkọ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi òwe yìí kọ́ wa. Ohun tí ó ń sọ ni pé, bí ẹni tí ó ránni níṣẹ́ kò bá tilẹ̀ ro ti iyì ẹni tí ó rán, kí ẹni tí a rán lo ọgbọ́n orí tirẹ̀, kí iṣẹ́ náà lè dára. N kò bá òwe náà jà. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ẹni tí a rán nìkan ni a máa ń pa á fún. N kò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pa á fún ẹni tí ó gbé iṣẹ́ ẹrú lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ yẹ̀ wò nìyí: bí a bá fi iṣẹ́ wa lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ni ó ṣẹ́kù níbẹ̀ tí ó jẹ́ tiwa? Inú ìtọ́jú àwọn arúgbó àti aláìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni n ó ti mú àpẹẹrẹ mi, nítorí pé ibẹ̀ ni ìbéèrè náà ti bá mi nínú ilé.

Àrùn rọpá-rọsẹ̀ ni ó kọlu ìyá wa nílé ní Ìjẹ̀bú. Apá àti ẹsẹ̀ òsì wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, wọn kò sì lè dá yíra padà lórí ibùsùn. Àwa ọmọ forí korí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn wa tí ó wà lọ́hùn-ún ń pè ní “kíà” nínú ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Òun ni ó ń fi owó ránṣẹ́. Èmi ń kọ́ni ní ìlú mìíràn, ọjọ́ Ẹtì ni mo ń wálé. A bẹ nọ́ọ̀sì kan tí ó ti fẹ̀yìn tì kí ó máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. A sì gba ọmọbìnrin kan, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, kí ó máa bá ìyá wa gbé. Olúkúlùkù ni ó ní iṣẹ́ tirẹ̀, a sì rò pé ètò náà gún régé.

Ní oṣù kẹta, egbò yọ sí ìbàdí ìyá wa. Kì í ṣe egbò kékeré. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí tẹlifóònù, kò pariwo, kò sì sunkún. Ohun tí ó bi mí ni pé, “Ta ni ó yí wọn padà ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú?” N kò mọ̀. Mo bi nọ́ọ̀sì. Ó ní òun ti sọ pé kí wọ́n máa yí wọn padà. Ta ni ó sọ ọ́ fún? Ó ní gbogbo ilé. Mo bi ọmọbìnrin náà. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Nígbà tí ó pẹ́, ó ní láti bí ọjọ́ mẹ́rin ni òun ti ń kíyè sí i, bí òun bá ń wẹ̀ fún wọn, pé ojú ibẹ̀ dúdú ju ara tí ó kù lọ, pé ó gbóná, ó sì le lábẹ́ ọwọ́. Èé ṣe tí kò wí? Ó ní, “Bùrọ̀dá, kò sí ẹni tí ó bi mí. Ẹ ní kí n máa fọ aṣọ, kí n máa fún Màmá lóúnjẹ, kí n má sì dá sí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú.” Òótọ́ ni. Ẹnu èmi gan-an ni ó ti gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Ẹni tí kò lè yíra padà, egungun rẹ̀ a máa fún ẹran ara mọ́ ibùsùn, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè dé ibẹ̀, ẹran náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti inú wá. Ìwé púpọ̀ ní pípọ́n ara ni àmì àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n náà kì í fẹ́ hàn, ọwọ́ tí ó bá fi kàn án ni yóò mọ̀ pé ó gbóná tàbí pé ó le. Ọwọ́ ta ni? Kì í ṣe ọwọ́ nọ́ọ̀sì tí ó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe tèmi tí mo ń wá wo ojú wọn ní ọjọ́ Ẹtì. Ọwọ́ ẹni tí ó ń wẹ̀ fún wọn ni. Ẹni tí a fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá ni ìmọ̀ tí a nílò jù lọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àwa ni a sì pàṣẹ fún un kí ó pa ẹnu mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wá ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣe é níbi iṣẹ́ tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó gboyè lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta kì í pọ̀ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ní òru. Àwọn kíà ni ó pọ̀. Àwọn ni ó ń wẹ̀ fún àwọn àgbà náà, tí ó ń fún wọn lóúnjẹ, tí ó sì ń yí wọn padà. Nọ́ọ̀sì ni ó ń yẹ ara wọn wò, òun ni ó ń kọ ètò ìtọ́jú ẹnìkọ̀ọ̀kan sílẹ̀, tí ó sì ń pinnu ohun tí kíà lè ṣe àti èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Bí àwọn kan bá ń lọ sílé tí àwọn mìíràn sì dé, wọn a kọ́kọ́ jíròrò lórí bí olúkúlùkù ṣe sùn, bí ó ṣe jẹun, bí ó ṣe tọ̀. Ìlànà tí ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ilẹ̀ náà gbé jáde ní 2015, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2018, là á mọ́lẹ̀ pé nọ́ọ̀sì tí ó bá gbé iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ yóò jíhìn lórí ìpinnu náà. Kí ó rí i pé iṣẹ́ náà kò ju ìmọ̀ ẹni náà lọ, kí ó máa ràn án lọ́wọ́, kí ó sì padà wá wò ó bóyá ó dára tó bí ó ti yẹ.

Ẹ má rò pé Párádísè ni mo ń júwe. Ẹ̀gbọ́n mi kò fi pa mọ́ pé àwọn kan wà tí ń fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n ti yí arúgbó padà nígbà tí wọn kò tilẹ̀ wọ inú yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ìwé wà tí irọ́ lè hàn nínú rẹ̀. Nílé tiwa, kò sí ìwé, kò sì sí irọ́; egbò nìkan ni ó wà.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé tí Florence Nightingale kọ nípa ìtọ́jú aláìsàn ní 1859, ó ya orí kan sọ́tọ̀ fún bí olùtọ́jú yóò ṣe ṣètò tí ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ó wà níbẹ̀ yóò fi di ṣíṣe nígbà tí kò sí níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí obìnrin yìí dá sílẹ̀ ní ọsibítù St Thomas ní Lọ́ńdọ̀nù ni Kofoworọla Abẹni Pratt lọ ní 1946, ẹni tí ó padà wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátírọ̀nù ní ọsibítù ńlá UCH ní Ìbàdàn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1987 ni ó sọ ọ́ di dandan pé olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì nínú ilé ìtọ́jú arúgbó gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ tí kò dín ní wákàtí 75. Wákàtí mélòó ni àwa fi kọ́ ọmọbìnrin tiwa? A fi ibi tí omi wà hàn án, a sì fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Olùkọ́ èdè ni mí, ẹ dárí jì mí bí mo bá yà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ èdè. A ní jíjíṣẹ́, a ní jíjábọ̀, a ní jíjíhìn, a sì ní jíjípè. “Jẹ́” kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. Ẹni tí a pè ni ó ń jípè. Kò sí ẹni tí í dá jípè tí a kò pè é. Bákan náà, ẹni tí ó ń jábọ̀ gbọ́dọ̀ rí etí tí yóò gba àbọ̀ náà. Ẹni tí ó ránni níṣẹ́ tí kò sì dúró gba àbọ̀, lójú tèmi, kò ránni níṣẹ́ rárá. Ńṣe ni ó ju iṣẹ́ náà nù sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Àwọn kan yóò ní a ti san owó, ẹni tí ó gba owó ni ó ni ẹ̀bi. Owó le ra wákàtí ọmọbìnrin náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìpinnu pé òun ni kí ó ṣe é, pé kí ó dá ṣe é, pé kí ó má sọ̀rọ̀, èmi ni mo ṣe ìpinnu yẹn, kò sì sí iye tí mo lè san tí yóò fi di tirẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì náà lè bínú pé, bí àwọn ni yóò jíhìn, kí àwọn kúkú dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Èyí kò ṣeé ṣe, kò tilẹ̀ dára, nítorí pé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Bí nọ́ọ̀sì kan bá sì wà láàrin ogójì arúgbó lóru, tí ó rán kíà níṣẹ́ tí kò ráyè padà wá wò, n kò ní dá a lẹ́bi tán kí n tó béèrè ẹni tí ó fi òun nìkan síbẹ̀. Ẹni tí ó ni ilé náà ránni níṣẹ́ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù nìyí. Ní oṣù kejì ọdún 2022 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ìlẹ̀kùn ìwé ìwọ̀lú fún àwọn kíà láti òkèèrè. Ní oṣù keje 2025 ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn náà. Àárín àkókò yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ó ń yí ìyá ẹlòmíràn padà lóru kí ó lè rí owó tí a ó fi san fún ọmọ ẹlòmíràn kí ó yí ìyá tiwa. Ọmọbìnrin náà sì ní ìyá tirẹ̀ lábúlé. A sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ǹjẹ́ a lè fi ọmú ránṣẹ́? Mo gbà pé a lè fi wíwẹ̀ rán ẹlòmíràn, a lè fi oúnjẹ rán an, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀ bí a bá kọ́ ọ dáadáa tí a sì bọ̀wọ̀ fún un. Gbígbọ́ àbọ̀ ni n kò rí bí ọmọ ṣe lè fi rán ẹnikẹ́ni.

Oṣù mẹ́rin ni egbò náà gbà kí ó tó jinná. Nọ́ọ̀sì jókòó ti ọmọbìnrin náà fún ọjọ́ mẹ́ta, ó kọ́ ọ bí a ti í yí ènìyàn padà láì wọ́ awọ ara rẹ̀. Mo ra ìwé kan, a so ó mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn. Ó ń kọ aago tí ó yí Màmá padà síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tí ó yí wọn sí, àti ohun tí ó rí lára wọn. Èmi a sì máa pè é lálaalẹ́ kí ó kà á fún mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ìdánwò àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kún mi lọ́wọ́. Mo dé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo kí ìyá wa, mo sì ń lọ sùn. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bùrọ̀dá, ọjọ́ mẹ́ta rè é tí ẹ kò pè. Ta wá ni mo ń kọ ọ́ fún?”

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fa àga mọ́ ìdí iná.