Ta Ni Ọkọ̀ Tí Mo Ń Kọ́ Yìí?

Toyota Corolla kan tí jàǹbá ti ba iwájú rẹ̀ jẹ́ ni mo tú ká ní gáréèjì mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo gbé ẹ́ńjìnnì àti gíà rẹ̀ pa pọ̀ sẹ́yìn ìjókòó, síwájú táyà ẹ̀yìn, nínú ṣáásì irin tí mo fọwọ́ ara mi jó pọ̀. Toyota fúnra rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1984: ẹ́ńjìnnì 4A-GE tí wọ́n ń lò fún àwọn Corolla kan ni wọ́n gbé sẹ́yìn awakọ̀ nínú MR2.

Ṣé Corolla yẹn ló tún ayé wá, àbí ọkọ̀ mìíràn ni? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, máàkì ni DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, fi ń dá irú ẹjọ́ yìí: ṣáásì àtilẹ̀wá gba 5, ẹ́ńjìnnì gba 1 péré. Nígbà náà, ọkọ̀ tí kò bá ní 8 máa ń pàdánù nọ́ńbà rẹ̀. Inú bí àwọn ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ni ẹ̀mí ọkọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Olódùmarè kan náà ló fún gbogbo wa ní ẹ̀mí; orí tí a yàn lọ́dọ̀ Àjàlá, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ orí, ló yà wá sọ́tọ̀. Ṣáásì ni orí ọkọ̀. Tuntun ni ti ọkọ̀ mi, orúkọ tuntun ló sì tọ́ sí i.